Ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ wo lẹ kà lọ́dún tó kọjá tí ẹ ò lè gbé sílẹ̀?

Àǹtí Onígègé:

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lọ́dọ̀ mi, obìnrin ni, ọmọ ọdún 14. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bí wọ́n bá wá a tì, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti máa ń rí i pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ní báyìí, bí mo bá fún un níwèé, á dúpẹ́ dáadáa, á gbé e sórí tábìlì, ó di kí eruku máa bò ó. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Àwọn ìwé tẹ́ ẹ máa ń fún mi, mi ò tíì ní parí ojú ewé kìn-ín-ní tí mo ti máa mọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ mi." Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo wá pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ ka irú ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà báyìí kí n tó tún ra òmíràn fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kà láàárín ọdún kan sẹ́yìn? Kì í ṣe èyí tí ẹ gbọ́ pé ó dára o. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín kà tí oorun ò kùn yín ni mò ń wá. Ẹ sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kìlọ̀ bí ohun tó le bá wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ má sọ òpin rẹ̀ fún wa.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí. Long Way Down ni tèmi. Jason Reynolds ló kọ ọ́, 2017 ló jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nínú àwọn ìbejì mi, Kẹ́hìndé ló ń kàwé. Ní ti Táyé, bí ẹ bá fún un níwèé, ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ ṣí kó lè wo iye ojú ewé tó wà níbẹ̀. Ìwé yìí tó bíi 300 ojú ewé. Ó wò ó, ó fẹ́ gbé e sílẹ̀, ó tún padà ṣí i: ọ̀rọ̀ inú ojú ewé kan ò ju ìlà mélòó kan lọ, òmíràn ò tiẹ̀ ju ìlà méjì lọ. Ewì ni gbogbo ìwé náà látòkè délẹ̀. Ó jókòó sétí ibùsùn, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, bàtà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ka ìwé náà dé ìdajì. Ìyẹn ni mo ṣe jí i kà nígbà tó sùn.

Ìtàn ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan ni, Will lorúkọ rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa Shawn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òfin mẹ́ta ló wà ládùúgbò wọn: o ò gbọdọ̀ sunkún, o ò gbọdọ̀ fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn, bí wọ́n bá sì pa èèyàn rẹ, o gbọ́dọ̀ gbẹ̀san. Will mú ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi há ìbàdí, ó wọ lífìtì láti òkè ilé, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo ìrìn àjò náà. Àmọ́ ní àjà kọ̀ọ̀kan tí lífìtì bá dé, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹnìkan á wọlé, òkú sì lẹni náà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ka ojú ewé tó kẹ́yìn kó wá bá mi, nítorí èmi àti Táyé ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ìkìlọ̀: ikú àti ìbọn wà níbẹ̀, àmọ́ òǹkọ̀wé náà ò fi ẹ̀jẹ̀ ṣeré.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Mo kí gbogbo ilé. Mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ girama, nítorí náà mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ kì í ṣe àfojúdi. Ìwé tó ń wàásù kì í wọ ọmọ létí.

Ní tèmi, àwọn ògbólógbòó ni mo tún kà lọ́dún tó kọjá. The Outsiders jáde ní 1967. Ọmọ ọdún 15 ni S. E. Hinton tó kọ ọ́ wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ọmọ ọdún 18 ló wà nígbà tí ìwé náà jáde. Obìnrin ni o. Wọ́n ní kó fi lẹ́tà méjì ṣáájú orúkọ rẹ̀ kí àwọn ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò má baà fojú tín-ín-rín ìwé tí ọmọbìnrin kọ nípa àwọn ọmọkùnrin tó ń jà ní ìgboro. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìwé yìí ló ṣílẹ̀kùn fún ohun tí wọ́n ń pè ní ìwé àwọn ọ̀dọ́ lónìí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé ẹgbẹ́ yín ló kọ ọ́, ojú wọn á sì là.

Ìkejì ni Monster ti Walter Dean Myers, 1999. Steve, ọmọ ọdún 16, wà nílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ó fẹ́ràn fíìmù, ó wá ń kọ ìgbẹ́jọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ eré fíìmù, ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà, ọ̀rọ̀ adájọ́, ibi tí kámẹ́rà máa dúró sí. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ máa bi ara yín bóyá òótọ́ ló ń sọ. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Printz, èyí tí wọ́n ń fún ìwé àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà, ní 2000.

Ìkẹta, The Giver, Lois Lowry, 1993. Ìlú kan tí ohun gbogbo wà létòlétò, tí kò sí ìrora, tí wọ́n ń yan iṣẹ́ fún ọmọ ní kété tó bá pé ọdún 12. Jonas àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ju èso ápù síra wọn. Bí èso náà ṣe wà lókè nínú afẹ́fẹ́, ó ṣàdédé yí padà lójú Jonas fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó mú un délé láti yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ohun tó rí gan-an ni pé

Àbúrò Ọdẹ:

Tíṣà! Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ ọ́!

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ẹnu ló fẹ́ já mi lulẹ̀. Ẹ lọ kà á.

Àbúrò Ọdẹ:

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ìtàn idán àti àjẹ́ lèmi fẹ́ràn o.

Children of Blood and Bone, Tomi Adeyemi, 2018. Ẹ ti lè gbọ́ ọ. Orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Orïsha, ọba ti pa gbogbo àwọn tó ní agbára, títí kan ìyá Zélie, agbára sì ti kú nílẹ̀ náà láti ọdún 11 sẹ́yìn. Zélie ló fẹ́ mú un padà. Èèyàn mẹ́ta ló ń sọ ìtàn náà, lórí-lórí: Zélie, ọmọ ọba obìnrin tó sá kúrò láàfin, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń lépa wọn. Ohun tó dè mí mọ́lẹ̀ nìyẹn: o ò lè kórìíra ẹni tó ń lé wọn, nítorí o ti wà nínú orí rẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, ẹ máa rẹ́rìn-ín níbì kan. Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀ inú rẹ̀, òmíràn dùn, òmíràn sì rí bí ẹni tó wọ agbádá sódì. Orí omi òkun ni Ìlọrin wà nínú ìwé yẹn! Ẹ̀gbọ́n mi kà á débẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó ní òun ò kà mọ́. Mo ní kó gbé orúkọ ìlú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó tẹ̀ lé àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ó parí rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ìwé mẹ́ta tó tẹ̀léra ni, ìkẹta jáde ní 2024. Lójú tèmi, àkọ́kọ́ ló dùn jù, ìkejì fà díẹ̀.

Àmọ́ ká má purọ́, Akata Witch ti Nnedi Okorafor, 2011, ni mo fẹ́ràn jù. Sunny, ọmọ ọdún 12, àfín ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Aba ló ń gbé. Oòrùn kì í jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ló mọ̀ ọ́n gbá jù. Ó wá rí i pé òun wà lára àwọn tó lágbára. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni owó àwọn èèyàn yẹn. Iṣẹ́ kọ́ ló ń mú un wá, olè kọ́. Nígbàkígbà tó o bá kọ́ nǹkan tuntun tó sì yé ọ, owó onírin á já bọ́ láti òfuurufú, pàà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Àwọn ńlá tí wọ́n fi bàbà ṣe ló sì níye lórí jù, kì í ṣe ti wúrà. Mo rò ó pé bó bá rí bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa, ta ló máa sùn ní kíláàsì?

Ẹ ṣọ́ra o: ní ibòmíràn, What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n tẹ̀ sára ìwé kan náà. Èmi ra méjèèjì. Mo rò pé ìkejì ni mo rà. Mo ka ojú ewé mẹ́ta kí ojú mi tó là.

Òǹkàwé Òru:

Háà, pẹ̀lẹ́ o. Owó ti lọ.

Ìwé ọ̀daràn àti àṣírí ni mo wà fún. Àǹtí Onígègé, bó bá jẹ́ pé ọmọ yín ò fẹ́ ìwé tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, ìwé tó ní ìbéèrè ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹni tó bá ń wá apànìyàn ò ráyè wá ẹ̀kọ́.

A Good Girl's Guide to Murder, Holly Jackson, 2019. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan, Andie Bell, dàwátì ní ìlú kékeré kan. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, Sal Singh, ló pa á, tó sì pa ara rẹ̀. Pip ò gbà. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó ní láti ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ ló fi bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ìwé náà ò kàn ń ròyìn fún yín; ẹ máa rí àkọsílẹ̀ Pip, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó gbà sílẹ̀, orúkọ àwọn tó fura sí, bí orúkọ ọ̀hún ṣe ń pọ̀ sí i. Mo mú gègé, mo ń kọ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo kùnà pátápátá.

Ohun kan tó máa dá ìjà sílẹ̀ bí ẹ̀yin méjì bá jọ ń kà á: nínú ẹ̀dà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kan níbẹ̀ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nínú ẹ̀dà ti Amẹ́ríkà, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Connecticut. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pera wa lópùrọ́ kí a tó gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìkejì, Ace of Spades, 2021. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nìkan tó láti mú inú yín dùn: Faridah Àbíké-Íyímídé. Akẹ́kọ̀ọ́ dúdú méjì, Chiamaka àti Devon, wà nílé ẹ̀kọ́ olówó kan. Ẹnìkan tí kò fojú hàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí wọn síta lórí fóònù gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Chiamaka ò rọrùn láti fẹ́ràn, agbéraga ni, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ràn ìwé náà. Kí ọjọ́ orí ẹni tó máa kà á tó bíi 15 ó, nítorí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìwà ìkà inú rẹ̀ ò kéré.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ẹnìkan fún ọmọ mi ọkùnrin ní The Hate U Give. Mo ṣí i láàárín, èébú ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé mo ṣe dáadáa? Ọmọ ọdún 13 ni.

Ìyá Ìbejì:

Bàbá, ẹ ò ṣe burúkú, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Starr, ọmọ ọdún 16, wà nínú mọ́tò pẹ̀lú Khalil ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ọlọ́pàá dá wọn dúró. Khalil bẹ orí wo inú mọ́tò láti béèrè bóyá ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ le. Ọlọ́pàá yìnbọn fún un. Irun tí wọ́n fi ń gbá orí ló wà nínú mọ́tò, ọlọ́pàá ní òun rò pé ìbọn ni. Starr nìkan ló rí i. Gbogbo ìyókù ìwé náà ni bóyá ó máa sọ̀rọ̀ tàbí kó panu mọ́. Èébú wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá Starr! Mi ò tíì rí bàbá nínú ìwé àwọn ọ̀dọ́ tó rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé yìí, òbí ti kú tàbí kó jẹ́ òmùgọ̀. Èyí ń tọ́ ọmọ, ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣàṣìṣe.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:

Comb ni ẹ ní lọ́kàn àbí irun?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ má bínú, búrọ́ọ̀ṣì irun ni. Ọwọ́ mi yá jù.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:

Ó yé mi. N ó kà á fúnra mi.

(Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin) Mo ti kà á tán. Mo ti dá a padà fún un. Mo sọ fún un pé èébú inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé yìí. Ó ní òun ti parí rẹ̀ tipẹ́, pé ọ̀rẹ́ òun ló yá òun ní tirẹ̀. Ẹ ṣáà máa wò ó.

Mo sì ti wá Concrete Rose rí, 2021, òǹkọ̀wé kan náà, Angie Thomas. Ìtàn bàbá Starr ni, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, tó ṣàdédé di bàbá ọmọ. Èyí ni mo dákẹ́ kà jù nínú gbogbo ohun tí mo kà lọ́dún yìí.

Adákẹ́jẹ́ẹ́:

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí. A Monster Calls, Patrick Ness, 2011.

Conor, ọmọ ọdún 13. Àìsàn jẹjẹrẹ ń ṣe ìyá rẹ̀. Lálẹ́ kan, ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 7, igi ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wọn dìde, ó rìn wá sójú fèrèsé rẹ̀. Ẹ̀rù ò ba ọmọ náà. Ó ti ń lá àlá tó burú jùyẹn lọ. Igi yìí ní òun máa sọ ìtàn mẹ́ta fún un, pé ìkẹrin, òun Conor ló máa sọ ọ́, òótọ́ sì ni ìtàn yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́.

Òǹkọ̀wé mìíràn, Siobhan Dowd, ló ronú kan ìtàn yìí. Àìsàn jẹjẹrẹ pa á ní 2007 kó tó kọ ọ́. Ness gbà á níbi tó fi í sí. Jim Kay ya àwòrán sí i, dúdú àti funfun, àwòrán náà a sì máa rá pálá wọ inú ọ̀rọ̀. Ní 2012, ìwé yìí gba àmì ẹ̀yẹ Carnegie fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti Greenaway fún àwòrán rẹ̀.

Mo fún àbúrò mi lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí màámi kú. Àṣìṣe ni. Ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò bá mi sọ̀rọ̀, mo rí ìwé náà lábẹ́ ibùsùn níbi tó jù ú sí. Nígbà tó ṣe, ó wọ yàrá mi lóru, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, "Ìwọ náà rò ó bẹ́ẹ̀ rí?" Ẹni tó bá ti kà á máa mọ ohun tó ń bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má fún ọmọ tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Àbúrò Ọdẹ:

Mo kí yín, Adákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ kú ìrọ́jú.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Ọlọ́run á tu ọkàn yín nínú.

Awakọ̀ Alẹ́:

Ìdí ọkọ̀ lèmi ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, etí ni mo fi ń kàwé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìyẹn kì í ṣe ìwé kíkà. Long Way Down tí ìyá wa sọ lókè, Jason Reynolds fúnra rẹ̀ ló kà á sílẹ̀. The Poet X náà, Elizabeth Acevedo tó kọ ọ́ ló kà á, akéwì orí ìtàgé sì ni obìnrin yẹn, ẹ máa gbọ́ ibi tó ti ń mí. 2018 ló jáde, ó gba àmì ẹ̀yẹ National Book Award lọ́dún yẹn. Xiomara, ọmọ ọdún 15 ní Harlem, ìyá rẹ̀ fẹ́ kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń kọ ewì pamọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ìyá Ìbejì, ìbejì ni Xiomara náà.

Ẹni tó ka The Hate U Give sílẹ̀, Bahni Turpin, òun náà ló ka Children of Blood and Bone. Mo gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra, mo ń rò pé Starr ló wọ inú igbó.

Fún ọmọ tí ìwé ń sú, ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ọ kó sì máa fojú tẹ̀ lé e nínú ìwé. Ó ran ọmọ mi lọ́wọ́ gidi.

Ìyá Ìbejì:

Ìbejì kẹ̀? Mò ń lọ wá a.

Òǹkàwé Òru:

Èyí tí mi ò lè parí ńkọ́, ṣé ó yẹ kí n sọ? The Book Thief, Markus Zusak, 2005. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Ikú ló ń sọ ìtàn náà, ní Jámánì nígbà ìjọba Hitler, ó sì ń sọ ẹni tó máa kú kí àkókò rẹ̀ tó tó. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní nǹkan bí ojú ewé 50.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Ẹ tún gbé e. Ó falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ dúró títí ọ̀dọ́kùnrin Júù kan fi máa dé sí ìsàlẹ̀ ilé wọn. Ẹ sì mọ̀ pé ní Ọsirélíà tí Zusak ti wá, ìwé àgbà ni wọ́n tà á sí. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o sáàárín ìwé àwọn ọ̀dọ́. Nítorí náà, bó bá le mọ́ ọmọ ọdún 13, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Àbúrò Ọdẹ:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn The Hunger Games, Sunrise on the Reaping jáde ní 2025. Ìtàn Haymitch, àgbàlagbà tó ń tọ́ àwọn olùdíje sọ́nà nínú ìwé àkọ́kọ́, ni nígbà tó wà lọ́mọdé, nínú ìdíje ìgbà àádọ́ta tí wọ́n ti ń fipá mú àwọn ọmọ pa ara wọn, tí wọ́n sì kó àwọn ọmọ wọlé ní ìlọ́po méjì. A mọ̀ pé ó máa yè é, a ti bá a pàdé tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo ń gbàdúrà fún un. Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ, inú mi ò tíì rọ̀.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:

Tíṣà, ti Yorùbá ńkọ́? Gbogbo èyí tí a dárúkọ, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:

Mo ti ń retí ẹni tó máa béèrè. Wọn ò kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ọ̀dọ́ nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ló kà wọ́n jù. Ọmọ tó bá fẹ́ràn Pip tí Òǹkàwé Òru sọ, ẹ fún un ní Àjà Ló Lẹrù, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń ta pútúpútú. Ta Ló Gbé Ọmọ Ọba? ti Kọ́lá Akínlàdé náà wà ńlẹ̀, òun ló rọrùn jù fún ẹni tí kò mọ Yorùbá kà dáadáa. Ẹni tó fẹ́ idán bíi ti Àbúrò Ọdẹ, ó ti mọ ilé Fágúnwà.

Bí ọmọ bá ń kọsẹ̀ lórí àmì ohùn, ẹ ka ojú ewé márùn-ún àkọ́kọ́ sókè fún un. Ẹ dúró níbi tó ti dùn, kí ẹ dìde bí ẹni pé iṣẹ́ kan ń dúró dè yín. Mo ti lo ọgbọ́n yìí fún ọdún 31, ẹ̀ẹ̀mejì ló já mi kulẹ̀.

Àǹtí Onígègé:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo padà wá jábọ̀.

Mo kó ìwé mẹ́ta wá sílé nínú èyí tẹ́ ẹ dárúkọ: Long Way Down, Akata Witch, àti ti Holly Jackson. Mo to méjì àkọ́kọ́ sórí tábìlì fún un, mi ò sọ nǹkan kan. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ìkẹta ni mò ń kà lọ́wọ́, mo fi sí abẹ́ ìrọ̀rí mi, mo fi bébà pélébé kan sí ojú ewé tí mo dé. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo wọlé, mo wá ìwé mi tì. Mo tú gbogbo ibùsùn. Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Ó ti kọjá ojú ewé tí mo dé. Ó di ìwé náà mọ́yà, ó ní, "Àǹtí, ta lẹ rò pé ó pa á?" Mo dárúkọ ẹnìkan. Ó mi orí, ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi, ó sì padà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Láti ìgbà yẹn, tí òun bá ti sùn ni mo tó ń rí ìwé mi kà.

Ó parí rẹ̀ lánàá, ó ní ìkejì dà. Òǹkàwé Òru, Good Girl, Bad Blood ni wọ́n ń pè é àbí? Ṣé ó tó fún ọmọ ọdún 14?

Òǹkàwé Òru:

Òun ni, 2020. Ó tó o. Ìkẹta, As Good as Dead, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà fúnra yín kí ẹ tó fún un, ó dúdú ju méjèèjì lọ. Ẹ sì wá ibi tó dára ju abẹ́ ìrọ̀rí lọ pa á mọ́ sí.